Ọkùnrin Tó Fi Ilẹ̀ Ẹlòmíràn Ra Oorun

Ọkùnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ odò, ní oko kan tó jìnnà débi pé òjò tó bá rọ̀ nílùú lónìí, ọ̀túnla ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Á ti rẹ òjò pàápàá kó tó débẹ̀. Jókòó dáadáa, Àkànmú, kí o gbọ́.

Oko mẹ́rin ló tò létí odò yẹn. Ọkùnrin kan tó lágbára bí akọ màlúù ló ni ti òkè pátápátá. Bàbá kan tó ń gbin igbá ló tẹ̀lé e. Opó kan tó ń gbin ata ló tẹ̀lé bàbá onígbá. Ará ìsàlẹ̀ tí mò ń sọ yìí ló wá kẹ́yìn, òun nìkan nínú ahéré rẹ̀.

Ó ti bímọ rí, ọmọ kan ṣoṣo. Ìjà ilẹ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó burú débi pé odò pọ́n fún oṣù kan, tí ẹja inú rẹ̀ ń sunkún. Ará òkè ló dá a sílẹ̀. Inú ìjà yẹn lọmọ náà kú sí. Nígbà tí àwọn àgbà ìlú parí ìjà, wọ́n gé lára ilẹ̀ ará òkè láti fi jẹ ẹ́ níyà, wọ́n sì gbin pèrègún sí gbogbo ààlà. Ará òkè dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbà. Ẹnu rẹ̀ gbà, inú rẹ̀ ò gbà. Àwọn àgbà padà sílùú, wọn ò tún yojú mọ́.

O mọ pèrègún. Gé e, fi gún ilẹ̀, ó hù nìyẹn. Tí òjò bá ti rọ̀ sí i díẹ̀, o ò ní mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni Ọlọ́run dá a sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, pèrègún ti rìn wọ inú oko igbá. Bàbá onígbá sáré wá bá ará ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lọkùnrin yẹn ń wojú yín. Ẹ jẹ́ ká pe ìyá aláta, ká jọ lọ fa igi yẹn tu. Tó bá rí wa pọ̀, á gbé jẹ́ẹ́."

"Torí igi? Ṣé torí igi lo fẹ́ kí n tún lọ gbé òkú?"

Ó gbé agbè ẹmu, ó lọ sọ́dọ̀ ará òkè. Ẹran ìgbẹ́ tí ará òkè fi ṣe é lálejò tó ó fi gbé ìyàwó méje.

"Bàbá mi, ilẹ̀ tí wọ́n gé lára mi ló ń dùn mí," ni ará òkè wí. "Èyí tí mo mú yìí ti tó mi."

Ará ìsàlẹ̀ padà sílé, ó sùn. Láti ọjọ́ tọ́mọ rẹ̀ ti kú, kò sùn bẹ́ẹ̀ rí. Ahéré gan-an ń bá a hanrun.

Bàbá onígbá ò rílẹ̀ gbin igbá mọ́. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin nílùú. Ará ìsàlẹ̀ sìn ín dé ọ̀nà, ó ní kó máa lọ ire.

Nígbà tó yá, ará òkè ránṣẹ́ pé oko ata wu òun. Bí wọn ò bá fún òun, òun á yọ àdá. Ará ìsàlẹ̀ lọ bá a. Àwọn méjèèjì jókòó síbòòji, wọ́n ń jẹ iṣu. Opó tó nilẹ̀ dúró sínú oòrùn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Nígbà tí wọ́n dìde, ará ìsàlẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ tu pèrègún, òun náà ló gbìn ín síbi tí ará òkè nawọ́ sí. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ó tán! Àlàáfíà ti dé. Ìyá aláta, ẹ lọ sùn."

"Níbo? Lórí ilẹ̀ tí ẹ fi tọrẹ? Ẹ kúuṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ wo igi tí ẹ gbìn yẹn dáadáa. Ahéré yín ló kọjú sí."

Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó lọ.

Láti ìgbà náà, ará ìsàlẹ̀ ò rẹ́ni kí mọ́. Á jí, á kí àgbàdo. Àgbàdo ò dáhùn. Á se iṣu, á bù ú sábọ́ méjì, á jókòó ti èkejì títí á fi tutù. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àlàáfíà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Òjò ọdún kejì ò tíì rọ̀ tí pèrègún fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Tó bá na ẹsẹ̀ lórí ẹní, ẹsẹ̀ ti wà lóko ará òkè. Ó sáré lọ bá àwọn àgbà ìlú. O mọ̀ pé tó bá jẹ́ ẹjọ́ ààlà, wọn kì í gbọ́ tẹnu onílẹ̀ nìkan. Ẹni tí wọ́n jọ pààlà ni wọ́n ń bi.

"Ta lẹ jọ pààlà?"

"Ará òkè yẹn náà ni."

"Ẹlòmíì ńkọ́?"

"Odò ni. Àti igbó."

"Odò ò lè jẹ́rìí. Ta ló gbin pèrègún tó wà lóko ata?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí. "Èmi ni."

Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ó délé, ó yọ àdá. Ìjà tí wọn ì bá fi igi fífà tu parí láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ahéré jóná, iná ran igbó, ó dé ìlú, àwọn àgbà tí wọ́n lé e padà náà wá gbé àdá. Kí wọ́n tó lé ará òkè lọ, òkú ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí ò tó láti sin wọ́n. Ará ìsàlẹ̀ gba oko rẹ̀ padà. Ó dúró láàrin rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó ti jẹun.

Ohun tójú àwọn òyìnbó rí kí ogun Hítílà tó bẹ́ nìyẹn. Ìwọ̀nba ìwé tí mo kà, mo ka ìyẹn. Àwọn alágbára jókòó sínú ilé, wọ́n gé ilẹ̀ orílẹ̀-èdè kékeré kan fún oníjàgídíjàgan, ẹni tó nilẹ̀ ò sí níbi ìjókòó. Wọ́n padà sílé, èrò ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọdún kan ò pé, ogun dé.

Ìwọ wá ńkọ́, Àkànmú? Àbúrò rẹ ń fọ́ ìgò, ó ń lérí. O wá ní kí n bá ọ bẹ opó ẹ̀gbọ́n rẹ kó kó kúrò ní yàrá rẹ̀, kí oníjàgídíjàgan gbà á, kílé lè tòrò. O tún ní kó má wá sípàdé ẹbí, torí ariwo. Mo mọ̀ pé o ti sìnkú lọ́dún yìí, ìjà ti sú ọ. Ṣùgbọ́n mi ò bá ọ bẹ̀ ẹ́. Pè é wọlé, gbé àga fún un, kí àbúrò rẹ bá ẹ̀yin méjèèjì pa pọ̀. Tó bá fọ́ ìgò, ránṣẹ́ pè mí. Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, àmọ́ ariwo ẹnu mi ṣì lè dá rélùwéè dúró.

Yàrá opó lo fẹ́ fi tọrẹ. Èyí tó tẹ̀lé e ní ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn, ta ló ń sùn níbẹ̀?