Àlòkù Tí Wọ́n Pè Ní Tòkunbọ̀

Ọkùnrin kan wà tí ó ní katakata kan. Ó ti ń fi í túlẹ̀ fún àwọn ará agbègbè rẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú títí tó fi di funfun. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kò lè jókòó pẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Katakata náà sì ti dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ ti ṣá, ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin rẹ̀ pọ̀ sì hàn gbangba níwájú.

Ní ọdún náà, ojú ìyàwó ọkùnrin yìí ń ṣú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣẹ́ abẹ lè gba ojú náà là, àmọ́ kí wọ́n má fi falẹ̀, torí pé tó bá kọjá àkókò, kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́. Ọkọ ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Katakata yìí nìkan ni ohun tí ó ní tí ó lè san owó iṣẹ́ abẹ. Ó kù kí ó mọ iye tí yóò pè é.

Ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa. Bí nǹkan bá ti òkè òkun dé, bí wọ́n tilẹ̀ ti lò ó lálòpatì lọ́hùn-ún, tòkunbọ̀ là ń pè é, a ó sì máa du ú mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ aládùúgbò wa ló ti gbó, ó di àlòkù, a ó sì yínmú sí i. Ọkùnrin kan tí ń kun mọ́tò lẹ́bàá títì ló sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Ó ní, "Bàbá, àlòkù ò lówó lórí o. Ẹ jẹ́ n bá yín kùn ún ní pupa, kí ẹ pè é ní tòkunbọ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Wọ́n kùn ún lóòótọ́. Wọ́n kun ìpẹtà, wọ́n kun ojú ibi tí wọ́n ti jó, kódà wọ́n kun ẹrẹ̀ tó ti gan mọ́ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó gbé e dé ilé, ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ pa á lára, ó gbóòórùn ọ̀dà. Ó ní, "Bàbá Moróunkéjì, katakata ta lẹ gbé wá sílé wa yìí?" Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá rà á béèrè ìwé tí wọ́n fi kó o gba orí omi wọlé. Kò sí ìwé. Ẹni náà kò tilẹ̀ jókòó, ó ní òun kì í ra ẹrù olè. Ẹni kejì béèrè èbúté tó gbà wọlé. Ọkùnrin tí kò fojú kan òkun rí bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, ìyẹn náà bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ káàkiri pé bàbá kan ń ta katakata tí kò mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ń bu omi sínú ife. Omi ń dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, kò mọ̀. Ọkọ rẹ̀ rí i, ó sì gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni obìnrin kan dé láti ẹ̀yìn òkè. Opó ni, oko ló sì ń dá. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń ta katakata.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá wa. Òun nìyí. Tòkunbọ̀ pọ́nńbélé ni, kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀ níbí rárá."

Ojú obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. "Áà, kì í ṣe èyí ni mo bá wá o, bàbá. Èyí aláwọ̀ búlúù tó máa ń wá túlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni mo fẹ́. Òkúta ló kún oko wa. Àwọn aládùúgbò mi ti ra tòkunbọ̀, ilẹ̀ wa ló fọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà ayé ọkọ mi, àpáta la ti búlúù yẹn níwájú, ojú mi ni wọ́n ṣe jó o pọ̀, ó sì padà wá parí iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ẹ bá tà á fún, ẹ júwe ilé rẹ̀ fún mi."

Ohun tí ó sanwó kí wọ́n bá òun bò ni obìnrin yìí rin ọ̀nà jíjìn wá wá. Bí ó bá sọ òótọ́, ó ti pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́. Bí ó bá sì dákẹ́, ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń bá obìnrin náà lọ yẹn.

Ó ní, "Òun nìyí."

Obìnrin náà wò ó. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní tòkunbọ̀ ni? Torí pé mo ní ti ibí ni mo fẹ́ ló ṣe wá di ti ibí?" Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Bàbá kò bá a jiyàn. Ó mú àdá lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ síwájú katakata, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà. Pupa ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́, búlúù yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìtìjú bá a gan-an, kò lè gbójú sókè, ṣùgbọ́n ó ń ha á lọ nínú oòrùn títí àpá iná náà fi yọ síta, ó ki, ó sì wọ́. Ìró àdá dá obìnrin náà padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Òun ni," ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá jókòó láti díyelé e. Bàbá kò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Ó ní apá tó ń gbé irin ìtúlẹ̀ sókè ti ń lọ́ra, ó ní tí ọyẹ́ bá mú, kì í tètè dáhùn, ó sì fi táyà ẹ̀yìn tó ti fẹ́ jẹ tán hàn án. Obìnrin náà ń yọ kúrò lára owó bí ó ti ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ka àwọn oko tí katakata náà tú ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló tún fi kún un. Ó ní òun kò ní san kọ́bọ̀ lórí ọ̀dà pupa. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí kò tó ti tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ṣe ojú ìyàwó rẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n ti ṣe é, ìyàwó bàbá sì ń ríran.

Àbúrò mi, ìwọ ni mò ń bá wí. O ní kí n sìn ọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí obìnrin tí o fẹ́ fẹ́. O bẹ̀ mí pé kí n má sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ àkọ́kọ́ tí o tọ́jú lórí àìsàn títí tó fi kú. O ní kí n má sọ pé ìsọ̀ rẹ wó, pé ìsàlẹ̀ pátápátá lo ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé ojú àlòkù ni wọ́n á fi wò ọ́.

Jẹ́ kí wọ́n fi wò ọ́. Ìwọ sáà tún ọ̀rọ̀ náà pè, kí o gbọ́ ọ dáadáa: à lò, ó kù. Ìyà ti lò ọ́, o sì kù. Ìyẹn ni iyì rẹ, ìyẹn náà sì ni obìnrin tó gbọ́n ń wá kiri, tí ìwọ ń bẹ̀ mí kí n bá ọ bò mọ́lẹ̀.

Mo máa sìn ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá débẹ̀, ìwọ lo máa sọ̀rọ̀, orí ìyàwó rẹ tó kú ni wàá sì ti bẹ̀rẹ̀.