Fébè Amọ̀kòkò, Obìnrin Tó Ṣílẹ̀kùn Òkè-Àfọ̀n

Ìgbóná wọ Òkè-Àfọ̀n lọ́dún náà bí iná ṣe ń wọ pápá nígbà ọyẹ́. Àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òkú wá pọ̀ ju ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ìjòyè pàṣẹ pé kí wọ́n kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé tí àrùn bá wọ̀ pa mọ́ àti alààyè àti òkú inú rẹ̀. Balógun Ògúndélé, akọni tí ogun kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ rí, fi igi ẹlẹ́gùn-ún dí ojú ọ̀nà àdúgbò náà, ó sì fi àwọn ọkùnrin tó di ọ̀kọ̀ mú ṣọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Bùráímọ̀, ọ̀dọ́ mùsùlùmí ọmọ Ìlọrin tó ń ta obì, tí àjàkálẹ̀ àrùn ká mọ́ ìlú náà. Àpá ìgbóná àtijọ́ kún ojú rẹ̀, gbogbo ayé sì mọ̀ pé àrùn náà kì í mú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì; ìdí nìyẹn tí Balógun fi fún un ní ọ̀kọ̀.

Òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ tí Fébè dé. Opó ni Fébè, amọ̀kòkò sì ni, ọ̀kan nínú àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ tó fi ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó sílẹ̀ tí wọ́n ń gbàdúrà lábẹ́ igi àfọ̀n, tí ará ìlú ń pè ní aláriwo. Ó ru ìkòkò omi, ó mú àáké lọ́wọ́.

“Fébè, padà!” Balógun ké mọ́ ọn. “Ẹni tó bá kọjá ẹ̀gún yìí kò ní í wọ̀lú mọ́ láé.”

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni obìnrin náà fi fèsì. “N kò wá bá yín jà. Mo gbóhùn àwọn tí ẹ kàn mọ́lé nígbà tí mo lọ pọnmi. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni wo àwọn sàn o, omi ni wọ́n ń tọrọ. Ọlọ́run tí mò ń ké pè lábẹ́ igi yóò bi mí léèrè omi náà. Ẹ kan ilẹ̀kùn mọ́ èmi náà bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún wọn mu.”

Bùráímọ̀ tó sún mọ́ ọn rí ohun tí àwọn tó wà lókèèrè kò rí: ẹsẹ̀ obìnrin náà ń gbọ̀n, omi sì ń dà sí i lọ́rùn. Ẹ̀rù ń bà á. Síbẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀gún, ó sì kọjá. Kò sí ọlọ́kọ̀ tó lè gbọ́wọ́ sókè sí i.

Apá rẹ̀ kò ká ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ó bojú wẹ̀yìn. “Àbúrò mi ará Ìlọrin, àrùn yìí kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan mọ́. Kí lo wá ń dúró dè?”

Bùráímọ̀ kò mọ ìgbà tó sọ ọ̀kọ̀ sílẹ̀. Ó kọjá ẹ̀gún, ó gba àáké, ó fọ́ ilẹ̀kùn náà. Nínú òkùnkùn ibẹ̀, ìyá kan ń fi ahọ́n lá ara ògiri tó rin. Fébè gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń bu omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń kọrin.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀ kú, ṣùgbọ́n wọn kò dá nìkan kú. Ọ̀pọ̀ sì dìde. Nígbà tí ìgbóná mú Fébè alára, Balógun fọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹ̀gún kúrò, ó pọnmi lọ fún un. “Mo ti kó ìlú lógun,” ó wí, “n kò rí irú ìgboyà yìí rí.” Fébè yè é, ojú rẹ̀ kan lọ sí i. Àwọn tó gbà là ló di Ìjọ Ilẹ̀kùn Ṣíṣí.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ikú Fébè kí Bùráímọ̀, tó ti di Àlàájì arúgbó, tó tún dé Òkè-Àfọ̀n lọ́jọ́ ìrántí. Èrò aláṣọ funfun kúnlẹ̀ yí sàréè Fébè ká, wọ́n ń kì í: “Fébè amọ̀kòkò, olójú kan tó ríran ju olójú méjì! Arìn-lórí-ẹ̀gún má wo ẹ̀yìn!” Oníwàásù ọ̀dọ́ kan ń kígbe pé ńṣe ni Ìyá Fébè fò kọjá ẹ̀gún, pé kò mọ ẹ̀rù rí láyé.

Inú kọ́kọ́ bí Àlàájì. Èé ṣe tí wọ́n fi ń sọ ènìyàn ẹlẹ́ran ara di ẹyẹ? Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo omijé ojú wọn, ó yé e pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ju ohun tí ẹnu lè gbé lọ. Ó dìde.

“Ọmọ mi, kò fò o. Ẹ̀gún gún un, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n, èmi ni mo dúró tì í. Ó sì lọ.”

Oníwàásù náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn.

Títí dòní, ilé àdúrà wọn kì í ní ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ ìrántí, ẹnikẹ́ni kì í fẹnu kan oúnjẹ ní Òkè-Àfọ̀n kó tó gbé omi tọ aláìsàn lọ. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Àlàájì Bùráímọ̀, tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà fún un láti kúnlẹ̀ fún sàréè, ní kí wọ́n bá òun náà gbé ìkòkò omi kan rù.