Olùdíje Tí Kò Lẹ́gbẹ́
Tíṣà Morádékẹ́ fẹ́ du ipò ààrẹ láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn rẹ̀. Alága àjọ ìdìbò, tó mọ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ tí í kọ̀wé fún alátakò, sọ fún un pé, "Màmá, kí n tó gba orúkọ yín, kí ẹgbẹ́ méjèèjìlá tó wà nílẹ̀ yìí kọ ọ́ lónìí pé ẹ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ àwọn." Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tí Morádékẹ́ bá wọ̀, á ní, "Tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ yín ni mo wá gbà o." Olórí ẹgbẹ́, tó ti fi tíkẹ́ẹ̀tì pamọ́ fún ara rẹ̀, á fò dìde: "Ta ló mọ̀ yín níbí?" Morádékẹ́ á ní, "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Olórí ẹgbẹ́ á kọ ọ́ kíá, á lu òǹtẹ̀ lé e. Nírọ̀lẹ́, alága ka ìwé méjèèjìlá tán, ó ní, "Ta ni yóò dìbò fún ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ kọ̀?" Morádékẹ́ ní, "Àwọn tí gbogbo ẹgbẹ́ ti sú ni, ọmọ mi."