Agbádá Máfimíṣẹ̀bi àti Pákó Ojú Ọkọ̀

Pákó tó ń ha ni lẹ́sẹ̀ kì í gbé ni ṣánlẹ̀. Bí ẹ bá pa òwe yìí fún ará òkè, yóò wò yín bí ẹni tí ẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun tó ń ha á lẹ́sẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn ará etí ọ̀sà kì í fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ẹni tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde, wọ́n sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó sọ ọ́.

Máfimíṣẹ̀bi lorúkọ ọkùnrin náà. Ọlọ́kọ̀ onígbòkun ni ní Èbúté-Ọ̀pẹ, láyé ìgbà tí ẹ̀rọ kò tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò jò, ìgbòkun rẹ̀ sì le. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ó ń dá sè, ó ń dá jẹ, ó kù díẹ̀ kó máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀, kó tó pàdé Fèyíkẹ́mi, opó kan tó ń ta ẹní ní Ìgbólómi ní òdìkejì ọ̀sà. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wọ̀. Ohun tó kù ni kí Ọmọ́jùwà, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, fọwọ́ sí i. Ọmọ́jùwà ní òun yóò kọ́kọ́ lọ wo ilé tí àbúrò òun fẹ́ máa gbé. Máfimíṣẹ̀bi sì ní ọkọ̀ òun lòun yóò fi wá gbé wọn.

Ojú ọkọ̀ náà ni wàhálà wà, lórí pákó tí èrò ń dúró sí. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ létí ọ̀sà, bàtà rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ pákó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da yanrìn sí ọ̀dà rẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè rí ohun dì mú. Ti ọkọ̀ yìí ti jẹ tán. Yanrìn ti bọ́ kúrò níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà, ó kù sí àwọn igun, ó wá rí bí adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ dé ìdajì.

Máfimíṣẹ̀bi ránṣẹ́ pe Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́, tó ti ń kun ọkọ̀ náà láti ayé bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yìí dára. Ẹnu rẹ̀ ni kò dára. Bó bá ń ṣiṣẹ́ fún ọ, yóò bú ọ, yóò bú ẹni tó bí ọ, bí ajá bá sì ń kọjá lọ, yóò bú u mọ́ ọn. Nígbà tó fi dé, ó ti fọ yanrìn títí iyọ̀ fi kúrò lára rẹ̀, ó sì ti fi kòǹkòsọ̀ kù ú.

"Màá ha ti àtijọ́ kúrò," ni bàbá wí. "Màá kun ọ̀dà, màá da yanrìn lé e kó tó gbẹ, màá tún kun òmíràn bò ó."

Máfimíṣẹ̀bi ki ọwọ́ bọ yanrìn náà, ojú rẹ̀ sì fà ro. "Bàbá, èyí le jù. Inú ọkọ̀ yìí ni mo ti máa dọ̀bálẹ̀ kí àna mi. Agbádá ẹtù ni mo rán. Yanrìn yìí á fà á ya."

"Tẹ́ ẹní."

"Ẹní kẹ̀? Kí wọ́n lè ní mo ń ṣakọ? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún àna."

"Ẹ gbà mí o! Oníṣòwò ẹní ló ń fẹ́, kò rí ẹní tẹ́! Máfimíṣẹ̀bi, orí rẹ ò pé. Ọkọ̀ lo ní kí n kùn, àbí àwo ìjẹun? Ẹsẹ̀ ló ń dúró lórí omi, agbádá kì í dúró. Bàbá rẹ gbọ́n, ibo lo ti kó agọ̀ tìrẹ?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Máfimíṣẹ̀bi wọ egungun. Àgbàlagbà tó fẹ́ di ọkọ ìyàwó ni wọ́n ń bú lójú àwọn atukọ̀ rẹ̀! Ó ní kí bàbá kó kòǹkòsọ̀ rẹ̀, kó máa lọ. Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ kó o, ó ń lọ, ó ń bú u lọ.

Gàníyù, akunkọ̀ mìíràn, ló wá gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹnu Gàníyù dùn, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá mi" kì í sì í wọ́n níbẹ̀.

"Ṣé ó máa dán?"

"Ẹ ó máa fi wo ojú ni, ọ̀gá mi."

"Yanrìn ńkọ́?"

"Yanrìn kẹ̀! Kí ni irú yín fẹ́ fi yanrìn ṣe?"

Ó ha gbogbo yanrìn dànù, ó kun ọ̀dà pupa lẹ́ẹ̀mẹta, pákó sì ń kọ mànà. Máfimíṣẹ̀bi dá dọ̀bálẹ̀ lórí rẹ̀ láti dán an wò. Kò ha á láyà rárá, inú rẹ̀ sì dùn. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ọkọ̀ wà nígbà náà. Ẹni tí ì bá rán an létí, ó ti lé e lọ.

Ọjọ́ pé. Ọmọ́jùwà wọ ọkọ̀ ní èbúté Ìgbólómi, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, fìlà ńlá lórí, bàtà lọ́wọ́. Àgbà méjì tẹ̀ lé e, Fèyíkẹ́mi sì kẹ́yìn wọn. Pákó gbẹ, kò sẹ́ni tó yọ̀.

"Ọkọ̀ yìí mọ́ o," ni Ọmọ́jùwà wí.

"Ẹ ò tíì rí nǹkan kan, àna mi," ni Máfimíṣẹ̀bi dáhùn, òótọ́ ló sì sọ.

Wọ́n ta ìgbòkun, afẹ́fẹ́ kún un, ìgbì kan fọ́ lára ọkọ̀, omi sì ta sójú pákó. Máfimíṣẹ̀bi fi ìtọ́kọ̀ lé atukọ̀ lọ́wọ́, ó tún agbádá ṣe, ó bọ́ síwájú àna rẹ̀, ó sì na ara rẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ìrìn o, àna mi!" ló ń wí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dúró síbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ọkọ̀ fì sápá kan, ọkùnrin náà sì fi àyà yọ̀ lọ ṣùùù, ó fi orí sọ ojúgun Ọmọ́jùwà méjèèjì. Fìlà lọ lọ́tọ̀, bàtà lọ lọ́tọ̀, Ọmọ́jùwà fúnra rẹ̀ sì bọ́ sínú ọ̀sà, gbàmù! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ kí ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú èyí.

Ọmọ́jùwà mọ omi wẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ńlá tó wọ̀ kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àgbà tó bá dìde láti ràn án lọ́wọ́, pákó á dá a jókòó padà. Fèyíkẹ́mi ló rá pálá dé etí ọkọ̀, ó ju okùn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì fà á gòkè.

Ọmọ́jùwà wúkọ́ títí, ó ní, "Máfimíṣẹ̀bi, ṣé bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ nílé yín nìyí?"

"Ẹ dákun, ẹ má bínú! Ọ̀dà ni. N kò fẹ́ kí agbádá mi ya, ni mo ṣe ní kí wọ́n yọ yanrìn kúrò."

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Fèyíkẹ́mi wò ó. Ì bá dára kó bú u, ṣùgbọ́n kò bú u.

"Agbádá yín lẹ rò," ni obìnrin náà wí, "ẹ ò ro ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá di ọjọ́ tó kan ẹsẹ̀ tèmi ńkọ́?"

Ọmọ́jùwà ní kí wọ́n yí ọkọ̀ padà sí Ìgbólómi, wọ́n sì yí i. Agbádá kò ya o, kò tilẹ̀ há níbì kankan. Ọkọ ìyàwó wọ̀ ọ́ délé lódindi, ó sì dá sè lálẹ́ ọjọ́ náà.

Gàníyù gbọ́, ó ní, "Ọ̀gá mi, dídán lẹ kúkú ní kó dán."

Kò pẹ́ tí Máfimíṣẹ̀bi lọ bẹ Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́. Bàbá gbà, ó ha ọ̀dà pupa, ó da yanrìn, ó sì bú u látàárọ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Ọlọ́kọ̀ kan tó so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tiwọn kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Máfimíṣẹ̀bi, ṣé o ò gbọ́ èébú ni? Nínú ọkọ̀ ara rẹ! Kí ló dé tí o kò lé bàbá yìí lọ?"

Máfimíṣẹ̀bi wo òdìkejì ọ̀sà.

"Mo ti lé e lọ rí," ó ní. "Pákó tó ń ha ni lẹ́sẹ̀ kì í gbé ni ṣánlẹ̀."