Ìyá Ẹtu Wọn Igi Àràbà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹni tó ń tòògbé lọ bọ́jú. Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, ó kọjá lára Erin, ó kọjá lára Ẹfọ̀n, ó wá dá lórí Ìyá Ẹtu, arúgbó tí gbogbo ìlú fi rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìyá Ẹtu ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ní ilé wọn, èèwọ̀ ni kí ọmọ titun fojú kan ìta kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Àmọ́ igi àràbà ńlá kan wà níwájú ilé náà. Ó ti kú, ìdí rẹ̀ ti jẹrà, ó sì ti fì sápá ilé. Òjò ńlá ń bọ̀. Baálẹ̀ Erin ní kí wọ́n gé igi náà lónìí, kí wọ́n sì gbé ọmọ jáde, kí igi má baà pa á. Ìyá ọmọ bú sẹ́kún.

Ìyá Ẹtu ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí igi náà ṣe ga tó, bóyá orí rẹ̀ á kan ilé bí ó bá wó. Ọ̀bọ mú okùn, ó gùn ún. Agbọ́n orí igi ta á, ó já bọ́, gbì! Àṣá mú okùn, ó fò sókè, fìrì! Agbọ́n ta òun náà, ó já bọ́, gbì!

Ni Ìyá Ẹtu bá kẹ̀yìn sí igi. Ó rìn díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yọjú láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo ìlú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ kékeré ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí àwọn àgbà á ní ó ń pe àbúrò. Ẹfọ̀n bi í pé àbúrò wo ni Ìyá tún ń pè lọ́jọ́ ogbó.

"Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ wá gbọ́," ni Ìyá Ẹtu wí. "Ìdí igi, orí igi, ibi tí mo dúró: igun mẹ́ta ni, bí ààrò mẹ́ta. Ẹsẹ̀ mi lè wọn ti ilẹ̀, ti òkè ni kò ṣeé gùn. Ṣùgbọ́n níbi tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ tí mo rí ṣóńṣó orí igi, ilẹ̀ tí mo rìn àti gíga igi dọ́gba."

Wọn ò gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ wo igi ìbẹ́pẹ, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀. Ìnàkí agégi gé e, gbì! Orí ìbẹ́pẹ ba èèkàn. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ọ̀pẹ, ó kan èèkàn. Ìnàkí gé e, gbàà! Orí ọ̀pẹ ba èèkàn. Ẹ̀rín ti ń tán lẹ́nu Ẹfọ̀n. Ó wá kojú sí àràbà. Ó rìn, ó bẹ̀rẹ̀, kò rí orí rẹ̀. Ó rìn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó ku díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà ilé ló tó rí i. Ó kan èèkàn kẹta síbẹ̀.

Ó ní òun ń wọlé lọ jókòó ti ọmọ ọmọ òun. Bí igi bá kan ilé, kó pa àwọn pọ̀. Ó wọlé, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àràbà, mo bẹ̀rẹ̀ wò ọ́ o,
*Jángbálá jángbá!*
Orí rẹ kò ní kan ilé wa,
*Jángbálá jángbá!*
Ibi ojú mi dé ni kó o sùn,
*Jángbálá jángbá!*

Ìnàkí gbé àáké ti igi, kó! kó! kó! Igi ké kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó wó, gbààmù! Eruku bo gbogbo ilé. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ẹkún ọmọ titun nínú ilé, "Ùnhà! Ùnhà!" Eruku rọlẹ̀. Orí àràbà sùn sórí èèkàn, omi inú ìkòkò ẹnu ọ̀nà kò dànù rárá.

Inú ìlú dùn, wọ́n gbé Ìyá Ẹtu lé èjìká. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun ló sọ ọmọ náà ní Ilésanmí, Baálẹ̀ Erin ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹfọ̀n ńkọ́? Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo igi ọsàn láàárín ẹsẹ̀.

Ààlọ́ mi kọ́ wa pé ohun tí ọwọ́ ò tó, ọgbọ́n tó o. Kí a má sì fi àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, a ò mọ ohun tó ń wò. Ibi tí mo kan èèkàn ààlọ́ mi mọ́ nìyí. Bí mo bá parọ́, kí ẹ wọ̀n ọ́n wò.