Ìdí Tí Akàn Fi Ń Fi Ẹ̀gbẹ́ Rìn

Nígbà láéláé, nígbà tí òkè ṣì ń fi kùrukùru bojú, iwájú gan-an ni akàn máa ń kọ sí tó bá ń rìn, bíi ti ewúrẹ́, bíi ti ajá. Ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ nìkan ló sì ń wò.

Odò kan wà nígbà náà tó yí ìdí òkè ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń yí ọrùn ká. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń bá etí rẹ̀ lọ. Kò ní ẹ̀gún, kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ibi tí o bá ti gbéra, ibẹ̀ náà ni wàá padà sí. Bí akàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ há abẹ́ àyà, yóò gbé wọn yí ọ̀nà náà po lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè mọ ilé ayé.

Lọ́dún kan, Ìyá Akàn bí ọgọ́ta ọmọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó kó wọn há abẹ́ àyà, ó sì bẹ Ọ̀pọ̀lọ́, aládùúgbò rẹ̀, pé kó sin òun.

"Wọ́n ní òkè kan wà níbí," Ọ̀pọ̀lọ́ wí bí wọ́n ti ń lọ. "Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, kùrukùru ni mò ń rí. Irọ́ ni, Ìyá Akàn."

"Ìyá mi ló sọ fún mi," Ìyá Akàn dáhùn. "Ìyá mi kì í purọ́."

Wọn ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí atẹ́gùn fi fẹ́. Kùrukùru ṣí.

Òkè yọ.

Háà! Ó ga débi pé àwọn àṣá tó ń rà bàbà níbàdí rẹ̀ dà bí eṣinṣin. Àpáta rẹ̀ dúdú, ó ń dán fún omi òjò. Oòrùn òwúrọ̀ ti fi pupa bí epo kun orí rẹ̀. Ìyá Akàn dúró sójú kan. Ó fẹ́ na ọrùn wò ó, kò ní ọrùn. Ló bá na ojú. Ojú rẹ̀ méjèèjì yọ sókè bí olú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

"Ìròyìn ò tó àfojúbà," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wò ó."

Ọ̀pọ̀lọ́ ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dijú. "Ó ń bọ̀ wá wó lù wá! Ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Ìgbà náà ni Ìyá Akàn rí ohun funfun kan tó ń já bọ̀ láti orí àpáta. Ó kọ́kọ́ ṣe é bí aṣọ. Omi ni! Gbogbo òjò òru ló ń wọ́ bọ̀ wá sínú odò.

"Ọ̀pọ̀lọ́, àgbàrá ń bọ̀!"

"Ẹ kọjú síwájú, kí ẹ sáré!"

"Bí mo bá kọjú síwájú, báwo ni màá ṣe mọ ibi tó dé?"

Ká sòótọ́, kò tún lè gbójú kúrò lára òkè náà mọ́. Ó kọjú sí i gbágbáágbá, ó wá ń fi ẹ̀gbẹ́ lọ. Bí omi bá dúró díẹ̀ lẹ́yìn àpáta, á mí. Bó bá tún já bọ̀, á sá, kàrà kàrà kàrà. Níwọ̀n bí ọ̀nà ti yí òkè po, òkè ò kúrò níwájú rẹ̀ rárá. Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn, lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó ṣe wọ ihò rẹ̀ lórí bèbè báyìí, gbìì! Omi bo ọ̀nà. Ọ̀pọ̀lọ́ fò wọlé tẹ̀lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Ọgọ́ta pé.

Ìyá Akàn gbìyànjú láti rìn tààrà, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó tún gbìyànjú, ẹsẹ̀ kọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wò ó, wọ́n na ojú sókè, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ sẹ́nu ihò.

Láti ọjọ́ náà ni akàn ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tí ojú rẹ̀ sì yọ sókè lórí. Bí ẹ bá rí i létí odò, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wo ibi tó kọjú sí.