Ajá àti Ẹran Àìsè

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko ṣì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, inú yàrá ni Ajá ń sùn. Orí ẹní kan náà ni òun àti Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin kékeré inú ilé náà, jọ ń sùn. Ohun tí Ìyá Àwẹ̀ró bá sè ni wọ́n jọ ń jẹ. Kò sí ẹranko tó ń jayé tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ Ajá ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó pàdé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nínú igbó. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Odindi ìwọ Ajá, ọbẹ̀ lò ń lá? Iná ti pa gbogbo oore inú ẹran yẹn. Ẹran àìsè ni kó o máa jẹ, kí irun rẹ lè máa dán, kí eyín rẹ sì le."

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Egungun ìhà Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣeé kà láti òkèèrè, irun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń já. Ṣùgbọ́n Ajá wa, ọlọ́gbọ́n ayé, eyín tirẹ̀ ló ń rò.

Nígbà tó délé, ó ní òun ò jẹ ọbẹ̀ mọ́.

Ìyá Àwẹ̀ró ní, "Ẹran tútù lóore lóòótọ́, àmọ́ aràn wà nínú rẹ̀. Ṣé o ti rò ó dáadáa?"

"Mo ti rò ó, ìyá. Irun dídán wà níbẹ̀, eyín líle náà wà níbẹ̀."

Ó kúkú rò ó. Apá ibi tó dùn nìkan ló rò.

Ká má parọ́, irun rẹ̀ dán. Ó ń yan kiri àdúgbò bí ọkọ ìyàwó. Kò pẹ́ tí aràn fi kún inú rẹ̀, tó ń bì káàkiri ilé, ti òun ti irun dídán. Ẹnu yẹn náà ló fi ń lá Àwẹ̀ró lójú láràárọ̀. Ni ọmọ bá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ara rẹ̀ ń gbóná, kò jẹ, kò mu.

Ìyá Àwẹ̀ró ò pariwo. Ó ti Ajá síta, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n wọlé wò ó."

"Ìgbà tí inú rẹ bá mọ́, màá pè ọ́."

Ajá sáré lọ já koríko jẹ, ó fi fọ inú. Ó bì í, ó tún já òmíràn jẹ. Àwẹ̀ró gbádùn, ó dàgbà, ó lọ sílé ọkọ. Ìyá rẹ̀ ò rántí pe ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà ni ajá ti ń jẹ koríko bí inú bá ń run ún, tó sì ń sùn sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn, á fò dìde, á máa ju ìrù. Ó rò pé wọ́n fẹ́ pe òun ni.